Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Ìgbohùnsílẹ̀: Ibo Ni Iṣẹ́ Wà Fún Un?



Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí èsì BAC jáde, ìyá kan wá bá mi nílé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti yege, gbogbo àdúgbò ti bá a yọ̀, àmọ́ ojú ìyá náà kò túká rárá. Ó ní:

«Mẹ́tírù, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ní kọ́ ìmọ̀ òfin, òun ò ní kọ́ ìṣírò owó, iṣẹ́ ohùn lòun fẹ́ kọ́. Ṣé kí n máa ta gàrí, kí n máa fi san owó ilé ẹ̀kọ́, kó wá lọ máa gbé báàfù níbi òkú?»

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní: «Ẹ jókòó ná, Màmá. Ẹni tó ń gbé báàfù níbi òkú náà ń jẹun o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọ yín ń sọ fẹ̀ ju ìyẹn lọ.»

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ lọ́kàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn òbí kan gbà pé eré lásán ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan náà sì rò pé kí àwọn ṣáà jókòó sí sítúdíò, kí olórin ńlá wọlé, kí owó máa rọ̀ bí òjò. Àtòbí àtọmọ ló ṣì í. Iṣẹ́ wà nínú ohùn, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ọmọ wa ń wò kọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Orin ni wọ́n ń wò. Lágbègbè tiwa, ohun tí èmi rí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ, ló ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ jù.

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an?

Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń mì. Tí mo bá na awọ ìlù, awọ á mì, á ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé e dé etí yín. Iye ìgbà tó mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan la fi ń mọ̀ bóyá ohùn náà rinlẹ̀ tàbí ó tín-ín-rín, Hz ni wọ́n sì fi ń kà á. Etí ọmọdé tí ara rẹ̀ dá ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz dé nǹkan bí 20 000 Hz. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, èyí tó tín-ín-rín jù á máa pa rẹ́.

Míkírò, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní máíkì, ló ń sọ mímì yẹn di iná mànàmáná. Ẹ̀rọ á wá ka iná náà, á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Fún orin inú CD, ìgbà 44 100 ló ń kà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún fídíò àti sinimá, ìgbà 48 000 ni. Kí ló dé tó fi pọ̀ tó báyìí? Torí pé kí a tó lè dá ohùn kan padà bó ṣe wà, a gbọ́dọ̀ kà á ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tó ń mì lọ. Etí èèyàn dúró ní 20 000. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 40 000. Wọ́n wá fi díẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe BAC C àti D, ẹ ò rí i pé ìṣirò àti físíìkì tí ẹ ń ráhùn sí kò ṣòfò?

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa á mọ ohun mẹ́rin: bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, bí a ṣe ń gé e, tí a sì ń tò ó, ìyẹn mọ́ńtáàjì, bí a ṣe ń po ohùn púpọ̀ pọ̀ kí ọ̀kan má bo ìkejì mọ́lẹ̀, ìyẹn mísáàjì, àti bí a ṣe ń gbé ohùn jáde kí èrò púpọ̀ lè gbọ́, ìyẹn sónò. Ohun mẹ́rin yìí ló ń ṣí oríṣiríṣi ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀kùn kìíní: rédíò

Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin oṣù kẹjọ ọdún 1997 ló fàyè sílẹ̀ fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aládàáni. Kó tó dìgbà yẹn, ìjọba ló ni afẹ́fẹ́. Lónìí, àwọn ìlú wa tó tóbi ní rédíò tiwọn, HAAC sì ni àjọ tó ń bójú tó wọn. Rédíò kọ̀ọ̀kan nílò ẹni tí yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ nígbà tí ètò bá ń lọ, ẹni tí yóò gé ìròyìn tí akọ̀ròyìn kó wálé, àti ẹni tí yóò ṣe ìkéde kékeré tí wọ́n ń pè ní sípọ́ọ̀tù.

Sípọ́ọ̀tù yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn ONG, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ ìlú àti àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Ìkéde àjẹsára, ìkéde ìwé ìbí ọmọ, ìkéde omi tó mọ́: Faransé nìkan kò tó. Wọ́n fẹ́ ẹ lédè Fọ̀n, wọ́n fẹ́ ẹ lédè Yorùbá, lédè Nàgó, lédè Gùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ tiwa ti ní ohun tí ẹni tó kàwé jáde ní Paríìsì kò ní.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ yìí. Ẹnì kan sọ níwájú míkírò pé: «Ẹ máa mu omi yìí.» Ẹni tó ń ṣe mọ́ńtáàjì kò gbọ́ Yorùbá. Ó rí i pé ẹni náà fa ọ̀rọ̀ kan gùn díẹ̀, ó rò pé ó ń ṣiyèméjì ni, ó wá gé e kúrò kí ìkéde lè kúrú. Ohun tó jáde ní rédíò ni: «Ẹ má mu omi yìí.» Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló gé, ó sì ti yí ọ̀rọ̀ ìlera padà sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Etí tó gbọ́ èdè nìkan ló mọ̀.

Orin náà ńkọ́? Láti ọdún 1997 ni ẹ̀rọ Auto-Tune ti wà, tó ń tì ohùn olórin sókè tàbí sísàlẹ̀ kó lè bọ́ sórí ohùn orin tó yẹ. Lédè Faransé, kò sí wàhálà. Lédè tiwa, bí ẹ̀rọ bá gbé ìparí «ọkọ̀» sókè, ó lè di «ọkọ́», kí ọkọ̀ tí olórin ń wọ̀ re àjò di ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè. Ẹni tó bá mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ wa ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló lè bá ẹ̀rọ náà jà.

Ilẹ̀kùn kejì: sónò

Èyí ni báàfù tí ìyá yẹn ń sá fún. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìwúyè, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ìpàdé olóṣèlú: ìlú wa kì í dákẹ́. Ẹni tó ní báàfù pọ̀. Ẹni tó mọ ìdí tí báàfù fi ń hu kò pọ̀.

Ẹ ti gbọ́ ariwo «hùùùù» yẹn rí, tó máa ń jẹ́ kí gbogbo èrò di etí. Míkírò ló gbọ́ ohùn tó ti inú báàfù jáde, tó tún dá a padà fún báàfù, báàfù tún gbé e jáde, míkírò tún gbọ́. Ó ń yí po. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á máa na míkírò lọ́wọ́, tàbí kó rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ títí a ò fi ní gbọ́ pásítọ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á gbé báàfù síwájú míkírò, kí ẹ̀yìn báàfù kọ sí olùsọ̀rọ̀. Á yan míkírò tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ. Á sì wá ohùn kan ṣoṣo tó ń hu, á dín in kù, kò ní fọwọ́ kan ìyókù.

Ohun mìíràn rèé. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ìjọ gùn, wọ́n wá fi báàfù kejì sẹ́yìn, mítà 34 sí ti iwájú. Iná á gbé ohùn dé báàfù ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ohùn tó ti iwájú ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú afẹ́fẹ́ á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, ìwàásù á dàrú mọ́ wọn lójú. Ẹni tó mọṣẹ́ á dá báàfù ẹ̀yìn dúró díẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ dé etí. Ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tó bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kó lọ.

Ilẹ̀kùn kẹta: sítúdíò orin

Ibi tí gbogbo ọmọdé ń sáré lọ nìyí, n ò sì ní tàn yín: ibẹ̀ ló há jù. Ẹni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà àti míkírò kan lè pe ìyẹ̀wù rẹ̀ ní sítúdíò, oníkálukú sì ń já owó wálẹ̀ kí oníbàárà má bàa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ìtàn wa kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Adissa Seidou, oníṣòwò ará Àjàṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ àwo orin tó ń jẹ́ Albarika Store. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ àwo ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ti Kùtọ́nu jáde. Nígbà mìíràn wọ́n á lọ sí sítúdíò EMI l'Ékòó. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ Nagra tí wọ́n ṣe ní Siwisalandi àti míkírò kan tàbí méjì péré ni wọ́n ní. Bí ẹ bá fi míkírò méjì gba ẹgbẹ́ olórin tó kún inú yàrá, kò sí àyè láti tún nǹkan kan ṣe lọ́la. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí onílù yóò dúró, ibi tí onífèrè yóò dúró, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣì ń tún àwọn àwo yẹn tẹ̀ títí di òní. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: etí ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé e ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti Lòmé. Láàárín àwọn ọdún 1980, ìjọba Tógò ní ilé iṣẹ́ OTODI, tó ní sítúdíò ńlá àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ àwo. Kò pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì àti CD fi gba ọjà lọ́wọ́ àwo, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé. Ó pẹ́ kí ẹgbẹ́ Vaudou Game tó padà lọ gba orin sílẹ̀ nínú sítúdíò àtijọ́ yẹn, tí wọ́n sì sọ àwo tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 ní Otodi. Ẹ̀rọ ń kú, àṣà ìtajà ń yí. Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo á bá a kú. Ẹni tó kọ́ ohùn á rí ẹ̀rọ mìíràn lò.

Ilẹ̀kùn kẹrin: sinimá àti fídíò

Ẹ rántí fíìmù tí ẹ pa kí ó tó parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àwòrán ló lé yín. Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Ẹ̀rọ amúnáwá ń ké, zémidjan ń kọjá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí míkírò.

Ẹni tó ń gba ohùn sinimá ń gbé míkírò sórí ọ̀pá gígùn, á sún mọ́ ẹnu òṣèré láìjẹ́ kí kámẹ́rà rí òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ rẹ̀ yàtọ̀ sí kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa pákó kékeré yẹn pọ̀ «pàá!» kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ojú á rí ìgbà tí pákó méjèèjì pàdé, etí á gbọ́ «pàá», ẹni tó ń ṣe mọ́ńtáàjì á sì fi èkíní mọ́ èkejì. Kó tó kúrò níbi iṣẹ́, á ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, á gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ilé kò dọ́gba pẹ̀lú ti oko. Òun ni wọ́n á fi dí àlàfo tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ lọ́jọ́ ni, owó rẹ̀ kì í wá lóṣooṣù. Àmọ́ Èkó kò jìnnà sí wa, àwọn fíìmù Yorùbá tó ń ti ibẹ̀ jáde kò lóǹkà, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé sì lè ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè. Ní FESPACO ní Wagadugu, níbi tí àwọn onísinimá Áfíríkà ti ń pàdé láti ọdún 1969, ẹ̀bùn wà fún ohùn tó dára jù. Ẹ̀yin òbí, ẹ rí i pé àwọn tó mọ iyì iṣẹ́ náà wà.

Ilẹ̀kùn karùn-ún: ohùn àwọn àgbà wa

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe ara mi ṣàlàyé rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ bá bàbá arúgbó kan, kó lè sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú rẹ̀ dó. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ó kọrin, ó ki oríkì, ó sọ orúkọ ìdílé tí èmi ò gbọ́ rí. Tẹlifóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan la fi gbà á. A dúpẹ́, a lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tẹlifóònù bọ́ sómi. A sọ fún ara wa pé a ó padà lọ. Kí a tó padà, bàbá ti sùn. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò ju ojú ìwé méjì tí mo fi báírò kọ.

Bí a bá ní ẹni kan ṣoṣo tó kọ́ṣẹ́ láàárín wa, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Yóò ti mọ̀ pé irú ìgbohùnsílẹ̀ yìí yẹ kó wà ní fáìlì WAV, kì í ṣe MP3 tó ń gé ohùn kù kí fáìlì lè kéré. Yóò ti ṣe é ní 48 000 Hz ó kéré tán, pẹ̀lú bit 24, bí àwọn tó ń tọ́jú ohùn káàkiri ayé ti ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, yóò ti ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, sórí ẹ̀rọ oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wà nílé mìíràn.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí à ń jó ní Kétu àti ní gbogbo àgbègbè wa, UNESCO kéde rẹ̀ lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún náà lọ́dún 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àmọ́ UNESCO kò ní bá wa gba orin Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ lóru. Ìyẹn ń fẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ohùn olórin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù ńlá láìjẹ́ kí ìlù bò ó, tó sì mọ àwọn àgbà tí yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ohùn kan wà tí kò yẹ kó jáde síta. Ọmọ ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Ṣé owó wà níbẹ̀? Àwọn olùwádìí ní yunifásítì, àwọn ilé àkójọ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn tó ń túmọ̀ ìwé mímọ́ àtàwọn tó ń ṣe ìwé elétíìgbọ́ ń wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́ èdè náà ń wá ohùn: iṣẹ́ Common Voice ti Mozilla ń kó ohùn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jọ ní ọ̀pọ̀ èdè, Yorùbá sì wà lára wọn. Bí ohùn Kétu, ti Sábẹ̀ àti ti Ìdáàṣà kò bá sí nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò ní gbọ́ wa nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ sí i.

Níbo la ti ń kọ́ ọ?

Ní Kùtọ́nu, ISMA ń kọ́ni ní iṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti sinimá. Ní Wagadugu, ISIS-SE wà fún àwòrán àti ohùn. Ní Faransé, BTS ti iṣẹ́ ohùn wà, École Louis-Lumière náà sì wà, tó ti ń kọ́ni láti ọdún 1926, àmọ́ ìdánwò àtiwọlé rẹ̀ le. Kí ẹ tó san owó fún ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: ṣé ìjọba mọ ìwé ẹ̀rí wọn? Wákàtí mélòó ni ọmọ ń lò nídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀? Níbo làwọn tó ti jáde ń ṣiṣẹ́? Ilé ẹ̀kọ́ tó bá bínú sí ìbéèrè kẹta, ẹ dìde níbẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Audacity jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ti wà láti ọdún 2000, mọ́ńtáàjì ọ̀rọ̀ kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ́. Kó lọ ṣe sítáàjì ní rédíò ìlú rẹ̀, kó máa gbé wáyà, kó máa wo ọwọ́ àwọn ọ̀gá. Mo tún ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe kó owó lé ẹ̀rọ lórí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lò. Míkírò olówó ńlá nínú yàrá tó ń dún bí ìkòkò òfìfo, ohùn ìkòkò ni yóò gbà.

Owó àti ìwé àdéhùn

Ẹni tí rédíò bá gbà sí iṣẹ́ oṣooṣù, kó mọ̀ pé òfin ní iye tí owó oṣù kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju: láti oṣù kìíní ọdún 2023, SMIG jẹ́ 52 000 franc ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì jẹ́ 52 500 ní Tógò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ń gba owó ọjọ́ tàbí owó iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sunkún. Wọ́n á gba ohùn, wọ́n á ṣe mísáàjì, wọ́n á fi fáìlì ránṣẹ́, oníbàárà kò ní gbé tẹlifóònù mọ́.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn, kó tiẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan: iṣẹ́ wo, iye owó, ọjọ́ wo, ìgbà mélòó ni oníbàárà lè ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí fáìlì ìkẹyìn má sì jáde láìgba ìyókù.

Ẹ mọ èyí náà: ẹni tó gba orin sílẹ̀ kò di olóhun orin. Ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tó kọ ọ́, fún ẹni tó kọrin, àti fún ẹni tó náwó sí ìgbohùnsílẹ̀ náà. Bí ẹ bá jẹ́ agbohùnsílẹ̀, owó iṣẹ́ yín ni ti yín, àfi tí àdéhùn bá sọ pé ẹ ní ìpín. BUBEDRA ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí ní Bẹ̀nẹ̀, BUTODRA ní Tógò. Ẹ lọ bèèrè kí ìjà tó dé.

Ẹ ṣọ́ etí yín

Káfíńtà ń tọ́jú ayùn rẹ̀. Ayùn tiyín ni etí, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ń fúnni ni pé ariwo 85 dB kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi dB 3 pọ̀ sí i, kí ẹ gé àkókò náà sí méjì: 88 dB, wákàtí 4; 91, wákàtí 2. Nígbà tó bá dé 100 dB, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ẹni tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù níbi òkú láti alẹ́ dówùúrọ̀ ń ta ọjọ́ ọ̀la rẹ̀. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Èsì tí mo fún ìyá náà

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí tán, ìyá náà dákẹ́. Ó ní: «Mẹ́tírù, ṣé ẹ̀yin yóò jẹ́ kí ọmọ tiyín kọ́ ọ?»

Mo ní: «Màmá, bí ó bá lè jókòó wákàtí mẹ́ta láti gé ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀rọ̀ láìbínú, máa jẹ́ kó kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé àtimáa ya fọ́tò pẹ̀lú olórin ló wù ú, mi ò ní jẹ́ kó kọ́ ọ.»

A fi àdéhùn kan sí i. Kí ọmọ náà fi oṣù ìsinmi ṣe sítáàjì ní rédíò, kí ìyá tó san owó kankan. Lọ́sẹ̀ kìíní, wáyà ni wọ́n ní kó máa ká. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kó gé ìròyìn Yorùbá, torí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kò gbọ́ èdè náà. Nígbà tí ìsinmi parí, ìyá fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé òun gbọ́ orúkọ ọmọ òun ní ìparí ètò. Ó san owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dán ọmọ yín wò kí ẹ tó kọ̀ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni àgbà kan wà nílé yín tó mọ ìtàn tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta.